Ẹ Bo Àgbọ̀n Pẹ̀lú Agbárí
Ọ̀rọ̀ sí àwọn ọlọ́kadà, èrò ẹ̀yìn wọn àti àwọn aṣòfin wa

Ẹni tí àgbọ̀n rẹ̀ bá kán kì í lè ráhùn. Wọ́n á fi wáyà so eyín òkè rẹ̀ mọ́ tìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì wà fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Mo jókòó ti ọ̀dọ́mọkùnrin kan bẹ́ẹ̀ rí ní wọ́ọ̀dù. Ìyá rẹ̀ po ògì kó ṣàn bí omi, ó sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, ọmọ náà sì ń fi ọ̀pá ike tẹ́ẹ́rẹ́ fà á gba ibi tí eyín rẹ̀ kan ti yọ. Ẹ̀mú ìgéwáyà wà níbi ìgbèrí rẹ̀, nítorí bí èébì bá gbé e tí wọn ò bá tètè já wáyà náà, ó lè gbẹ̀mí rẹ̀.

Gbogbo ẹni tó bá wọlé ni ìyá náà ń sọ fún pé, “Ayé ló ṣe ọmọ mi.” N kò bá a jiyàn lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ayé. Ọ̀kadà ló gùn, ó sì dé àṣíborí. Nǹkan kan kò ṣe agbárí rẹ̀. Àgbọ̀n tí àṣíborí náà kò bò ló fi lulẹ̀.

Egungun ojú kì í kán ṣákálá. Ní 1901, René Le Fort, oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣàlàyé ohun tó rí nígbà tó lu orí òkú láti mọ ibi tí egungun yóò ti là. Ọ̀nà mẹ́ta ni àárín ojú máa ń gbà là. Àkọ́kọ́ gba òkè eyín òkè kọjá, àjà ẹnu á sì máa mì. Èkejì gba ìdí imú lọ sábẹ́ ojú. Ẹ̀kẹta ló burú jù: ó ya gbogbo ojú kúrò lára agbárí. Ní ti egungun àgbọ̀n, ó tẹ̀ bí ọrun, ìdí nìyẹn tó fi sábà máa ń kán lójú méjì. Bí èèyàn bá fi àgbọ̀n lulẹ̀, agbára ìkọlù náà á sáré dé iwájú etí méjèèjì, níbi tí ọrùn egungun náà ti tẹ́ẹ́rẹ́, á sì ṣẹ́ ẹ níbẹ̀. Ọmọdé tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ tí wọn ò tọ́jú rẹ̀ lè dàgbà láìlè la ẹnu.

Kí ló ń fà á? Ìjà, ìṣubú, ìbọn, ẹ̀ṣẹ́ ọkọ lójú aya: gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún ni ìwádìí àwọn dókítà ní Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Èkó ti fi ń sọ pé ìjàm̀bá ojú pópó ni olórí, àti pé egungun àgbọ̀n wà lára àwọn tó ń kán jù. Àwọn ọkùnrin tó wà láàárín ọdún 20 sí 40 ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn tí à ń fi ṣe igi lẹ́yìn ọgbà nìyẹn.

Òfin wà. Ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2009 ni àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, bẹ̀rẹ̀ sí fi ipá mú ọlọ́kadà dé àṣíborí. Àwọn kan dé igbá, àwọn kan dé ike ọ̀dà. Àwọn èrò ń bẹ̀rù pé oògùn wà nínú èyí tí wọ́n fún wọn dé. Lónìí, ẹ dúró sí ìkóríta: àṣíborí wà lórí táǹkì epo tàbí kó rọ̀ mọ́ ìgbọ́nwọ́. Bí ẹ̀ṣọ́ bá yọ, ó bọ́ sórí. Bí wọ́n bá kọjá, ó padà sọ́wọ́. Èyí tó bá sì wà lórí, àtàrí nìkan ló sábà máa ń bò.

Àyẹ̀wò ńlá kan tó jáde ní 2008 fi hàn pé àṣíborí ń dín ikú lórí alùpùpù kù ní ìdá 42 nínú 100, ọgbẹ́ orí ní ìdá 69. Ṣùgbọ́n ní ti egungun ojú, èyí tó bo àgbọ̀n ló ń dáàbò bò ó jù.

Àwọn kan ní kí ìjọba kúkú gbá ọ̀kadà dànù, bí Èkó ti ṣe ní ìjọba ìbílẹ̀ 6 ní oṣù Kẹfà 2022. Ní Ṣakí ńkọ́? Ní oko kòkó Oǹdó, kí ni yóò gbé aláboyún dé ilé ìwòsàn? Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Wọ́n ní àṣíborí náà móoru, ó sì wọ́n. Òótọ́ ni. Ẹ fi wé owó iṣẹ́ abẹ àti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láìríṣẹ́ ṣe.

Ohun mẹ́ta là ń béèrè. Kí òfin sọ ọ́ gbangba pé àṣíborí tó bo àgbọ̀n ni kí ọlọ́kadà àti èrò rẹ̀ máa dé. Kí ìjọba yọ owó orí kúrò lórí rẹ̀, kí ẹgbẹ́ ọlọ́kadà sì máa tà á fún ọmọ ẹgbẹ́ kí wọ́n máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kí ẹ̀ṣọ́ máa yẹ okùn abẹ́ àgbọ̀n wò, nítorí àṣíborí tí kò lókùn á ti fò lọ kí orí tó kanlẹ̀.

Ìwọ ọlọ́kadà, kí o tó ṣíná alùpùpù lọ́la, dé e, kí o sì so ó. Ẹ̀yin ìyá, ọmọ tó bá fẹ́ jáde láìdé e, ẹ dì í mú lẹ́nu ọ̀nà.