Íápíìsì olówó gọbọi kọ́ ni awò VR nílò

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí bá awò ńlá tó gbòde láàárín àwọn ọ̀dọ́ mu, èyí tí wọ́n ń pè ní VR. Ẹni tó bá dè é mójú kì í rí iyàrá tó wà mọ́, ayé mìíràn tí kọ̀ǹpútà yà ló ń rí. Bó bá yíjú sọ́tùn-ún, ayé náà á bá a yí. Quest, tí ilé iṣẹ́ Meta tó ni Facebook ń ṣe, wà lára àwọn tó lókìkí jù.

Bí ọmọ bá ti rí awò yìí gbà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n tó wà lókè òkun, kì í pẹ́ tí yóò fi máa béèrè owó íápíìsì lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti yẹ kí òbí fara balẹ̀, nítorí owó kòkó àti owó gàrí kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣòfò.

Lákọ̀ọ́kọ́, Quest ti ní ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jáde lára tirẹ̀. Ẹni tó dá wà nínú iyàrá lè lò ó láìra íápíìsì rárá. Ìgbà tí àwọn ará ilé bá ń sùn tàbí tí wọ́n ń gbàdúrà ni íápíìsì wúlò.

Èkejì, kí wọ́n wo ara awò dáadáa kí wọ́n tó náwó. Quest 3 tó jáde lọ́dún 2023 ní ihò róbótó tí wọ́n ń ki ẹnu wáyà íápíìsì sí, irú èyí tó wà lára rédíò. Quest 3S tó jáde lọ́dún 2024, ní nǹkan bíi 300 dọ́là, kò ní in. Íápíìsì tí ẹnu rẹ̀ bá ihò USB-C mu ni kí wọ́n rà fún un.

Ẹ̀kẹta, àwọn ọlọ́jà máa ń polówó èyí tí kò ní wáyà, tó ń lo Bluetooth. Ó dára fún orin àti ìwàásù. Ṣùgbọ́n nínú eré VR, ohùn rẹ̀ máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dé: ọmọ á ti fi idà gbá nǹkan kó tó gbọ́ ìró rẹ̀. Oníwáyà kì í ṣe bẹ́ẹ̀, bí wáyà náà bá sì kúrú, kò ní lọ́ mọ́ni lọ́wọ́. Nígbà tí Apple gbé AirPods Max jáde lọ́dún 2020, 549 dọ́là ni wọ́n ń tà á, iye tó ju ti Quest 3S fúnra rẹ̀ lọ. Ta ló ń ra gàárì tó wọ́n ju ẹṣin lọ?

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ti ààbò. Ẹni tó fi awò bojú kò rí ọ̀nà mọ́. Bí íápíìsì bá tún dí i létí pinpin, kò ní gbọ́ ọmọ tó ń rá bọ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Èyí tó fúyẹ́, tí kò dí etí pa, ló sàn jù.

Lọ́dún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, àti àjọ ITU fi ìlànà lélẹ̀ pé kí àgbàlagbà má gbọ́ ohùn tó ju ìwọ̀n 80 decibel lọ fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀. 75 ni ti ọmọdé. Àtolówó gọbọi àtolówó pọ́ọ́kú, kò sí èyí tí kò lè ba etí jẹ́ bí ohùn rẹ̀ bá ròkè jù. Íápíìsì tó bá bàjẹ́, òmíràn wà lọ́jà. Etí ni kò sí lórí àtẹ ẹnikẹ́ni.