Àgbà Ṣubú, Ó Wo Ẹ̀yìn

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fi òwe yìí yin àgbà. Wọn a pa á tán, wọn a mi orí, ó parí. Bẹ́ẹ̀ òwe náà kò sọ pé àgbà kì í ṣubú. Tọmọdé tàgbà ló fi orúnkún gbálẹ̀ nínú rẹ̀, ibi tí kálukú kọjú sí ni wọ́n fi yàtọ̀. Ọmọdé ń wò bóyá ẹnìkan ń bọ̀ wá gbé òun, tàbí bóyá ẹnìkan tiẹ̀ rí òun, kó lè bú sẹ́kún. Àgbà ń wá òkúta tó gbé e ṣubú, torí ó mọ̀ pé ọ̀nà yìí náà lòun máa gbà padà wálé lálẹ́.

Àríyànjiyàn kan ló gbé òwe náà wá sí mi lọ́kàn ní Ajégúnlẹ̀ nílùú Èkó, níhà Boundary, níbi tí àdúgbò náà ti bá Àpápá pààlà. Ilé géèmù ni. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n sábà ń gbá níbẹ̀, ìyẹn ò sì yani lẹ́nu ní àdúgbò tí agbábọ́ọ̀lù Odion Ighalo ti dàgbà. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ò gbá bọ́ọ̀lù, Elden Ring ló ń ta, àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn rẹ̀ sì ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ pé kí ló ń sọ géèmù di Soulslike gan-an. Ọ̀kan ní idà àti òkùnkùn ni. Èkejì ní ṣebí kó ṣáà ti le.

Ìdílé tí orúkọ náà ti jáde ò ṣòro láti tọpa. Ilé iṣẹ́ FromSoftware ní Japan ló gbé Demon's Souls jáde fún PlayStation 3 lọ́dún 2009, Hidetaka Miyazaki ló darí rẹ̀. Dark Souls tẹ̀ lé e lọ́dún 2011, Bloodborne ní 2015, Elden Ring ní oṣù kejì ọdún 2022, òun ló sì gba àmì ẹ̀yẹ géèmù ọdún náà ní The Game Awards. Àwọn ẹlòmíràn rí i, wọ́n ṣe tiwọn: Nioh ní 2017, Lies of P láti South Korea ní 2023. Gbogbo wọn jẹ́ ẹ̀ka géèmù tí èèyàn ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ jà, tí akọni rẹ̀ sì ń lágbára sí i bó ṣe ń lọ, èyí tí wọ́n ń pè ní action RPG. Ẹ̀ka yẹn ti wà tipẹ́. Diablo ti wà láti ọdún 1996. Nígbà tí Kiro'o Games ní Cameroon gbé Aurion jáde lọ́dún 2016, tí wọ́n fi ìtàn àti ìṣe ilẹ̀ Adúláwọ̀ ṣe é, ẹ̀ka yìí náà ni wọ́n dúró sí. Kò sì sẹ́ni tó pe Diablo tàbí Aurion ní Soulslike.

Ẹni tó ní "kó ṣáà ti le" ló ní alátìlẹ́yìn jù lórí bẹ́ǹṣì, ṣùgbọ́n èmi ò gbà fún un. Contra àtijọ́ le. Ẹ̀mí mẹ́ta péré ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Bó bá tán, tí àǹfààní láti tún ìpele náà ṣe sì tán, ó di ìbẹ̀rẹ̀. Ta ló wá pe Contra ní Soulslike? Líle kì í ṣe ilà ojú ìdílé yìí. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí o bá ti ṣubú ni ilà ojú wọn.

Ẹ wo òfin náà bó ṣe rí. Gbogbo ọ̀tá tí o bá pa ló ń fún ọ ní ohun kan: ọkàn ni wọ́n ń pè é nínú Dark Souls, Elden Ring pè é ní rune. Òun lowó tí o fi ń ra nǹkan, òun náà ni o fi ń ra agbára. Bí o bá kú, gbogbo rẹ̀ máa dà sílẹ̀ síbi tí o ti ṣubú. Ìwọ a jí níbi iná tí o ti sinmi kẹ́yìn. Àwọn ọ̀tá tí o ti pa lójú ọ̀nà náà á ti jí, kálukú á ti padà sáyè rẹ̀. Bí o bá fẹ́ ẹrù rẹ, àfi kí o tún ọ̀nà yẹn rìn, kí o dé ojú ibi tí o ti ṣubú, kí o sì gbé e. Bí o bá tún kú kí o tó débẹ̀, ti àkọ́kọ́ ti wọmi.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé òwe wa ni Miyazaki sọ di òfin. Nínú géèmù mìíràn, ó lè wù ọ́ kí o wo ẹ̀yìn, ó sì lè má wù ọ́. Níbí, ẹ̀yìn lowó rẹ wà.

Ọmọkùnrin tí mò ń sọ yẹn dé ọ̀dọ̀ Margit, àgbàlagbà oníwo kan tó dúró sẹ́nu ọ̀nà ààfin pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́. Margit gbé ọ̀pá sókè. Ọmọkùnrin náà yára tẹ bọ́tìnì, akọni rẹ̀ yí gbirigbiri sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀pá ò tíì sọ̀ kalẹ̀. Margit gbé e dúró sókè níbẹ̀, bí ẹni tó ń rò ó, ìgbà tí ọmọ náà yí tán tó dìde ló tó là á mọ́ ọn. Ó kú. Ó padà lọ, ó tún kú bákan náà. "Páàdì yìí ò dáa," ló kọ́kọ́ sọ, ó wojú ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù. Ẹ rí i, iwájú ló ń wò. Nígbà tó yá, ó padà lọ láìbá Margit jà rárá, ó kàn ń sá yí i ká, ó ń wo apá rẹ̀. Ló bá yíjú sí mi: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rí i? Bàbá yìí ń dúró. Èmi ni mò ń yára." Ó tún kú lẹ́yìn ìyẹn o. Ṣùgbọ́n ó ti rí òkúta.

Ìdí kan wà tí irú géèmù yìí ò fi lè borí bọ́ọ̀lù ní Ajégúnlẹ̀. Owó wákàtí ni wọ́n ń san. Ẹni tó ra géèmù tirẹ̀ sílé lè ṣubú títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹni tó ń sanwó ṣeré ní ṣọ́ọ̀bù ń fi owó oúnjẹ rẹ̀ kọ́ bí Margit ṣe ń gbé ọ̀pá. Kí iná má sì lọ.

Bí a bá fi òwe náà ṣe ìwọ̀n, àwọn tó wà ní bèbè ìdílé á rọrùn láti yẹ̀ wò. Hollow Knight ọdún 2017 kò jọ Dark Souls lójú rárá, kòkòrò kékeré kan ló ń rìn kiri nínú àwòrán pẹlẹbẹ. Ṣùgbọ́n bí o bá kú níbẹ̀, òjìji ara rẹ ló máa dúró ti owó rẹ, o sì gbọ́dọ̀ bá a jà kí o tó gbà á. Ọmọ ìdílé ni. Black Myth: Wukong tó jáde láti China ní 2024 le, ó ní ibi ìsinmi, ó ní àwọn ọ̀gá abàmì, àwọn ènìyàn sì jiyàn lórí rẹ̀ gan-an. Kì í gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni tó bá ṣubú. Àna ìdílé ni mo pe ìyẹn. Sekiro, iṣẹ́ FromSoftware fúnra wọn ní 2019, ló dà mí láàmú: ó ń gba ìdajì owó rẹ, kò sì sí pé o ń padà lọ gbé e. N ò tíì lè dá ẹjọ́ yẹn.

Òwe náà ò mọ sí inú géèmù. Láti Boundary yẹn, Wharf Road tó lọ sí èbúté Àpápá ò jìnnà, agbègbè èbúté náà sì ni ìlú kan ti ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́dún 1975, símẹ́ńtì tó sún mọ́ 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù ni ìjọba ti ní kí wọ́n kó wá láti òkè òkun, èbúté Àpápá ò sì lè gbà á. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ tò sójú òkun Èkó, símẹ́ńtì ń le nínú wọn. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n kọ́ èbúté mìíràn sí Tin Can, wọ́n ṣí i ní 1977. Iwájú ni wọ́n wò. Ní nǹkan bí ogójì ọdún lẹ́yìn náà, tírélà ló wá tò sí Wharf Road, kì í ṣe ọkọ̀ ojú omi mọ́. Awakọ̀ ń sùn lábẹ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ gbáko. Ní 2017, ilé iṣẹ́ Dangote àti Flour Mills pẹ̀lú NPA, àjọ tó ń bójú tó èbúté, dáwó tó lé ní 4 bílíọ̀nù náírà láti tún kìlómítà 2 ọ̀nà náà ṣe. Ó dáa, ọ̀nà náà nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ihò nìkan kọ́ ni òkúta. Ẹrù ò ní ọ̀nà àbájáde mìíràn tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, rélùwéè ti sùn, tírélà ò sì níbi tí yóò dúró sí dìgbà tí wọ́n bá pè é. Ọdún 2021 ni ètò tó ń fi fóònù pe tírélà láti ibi ìgbọ́kọ̀sí bẹ̀rẹ̀, ọdún yẹn náà ni wọ́n ṣí rélùwéè tuntun Èkó sí Ìbàdàn. Nígbà náà ni mo tó rí ẹni tó yí ọrùn wẹ̀yìn.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká gbèjà ọmọdé díẹ̀, torí wíwo iwájú rẹ̀ kì í ṣe ìwà òmùgọ̀ lásán: ẹni tó máa gbé e lè máa bọ̀ lóòótọ́. Miyazaki fúnra rẹ̀ ti sọ pé orí òkè kan tí yìnyín bò, níbi tí ọkọ̀ ti há, tí àwọn tó wà lẹ́yìn sì ń fi ọkọ̀ tiwọn ti ti iwájú, ni òun ti rí èrò bí àwọn àjèjì yóò ṣe máa ran ara wọn lọ́wọ́ nínú Demon's Souls. Nínú géèmù náà, a lè kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Àbàwọ́n ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹni tí a ò mọ̀ rí náà wà káàkiri ilẹ̀: bí o bá fọwọ́ kàn án, òjìji ẹni náà á dìde, á sì fi bó ṣe kú hàn ọ́.

Bẹ́ǹṣì ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn ní Ajégúnlẹ̀. Nígbà tí Margit tún gbé ọ̀pá sókè, gbogbo wọn ló pariwo lẹ́ẹ̀kan náà: "Dúró! Má tíì yí!" Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó tíì di páàdì yẹn mú lọ́jọ́ náà, wọn ò sì san kọ́bọ̀.