Akọni Méjì Ọdún 1938

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tó ti gbé inú ilé àtijọ́ ni inú rẹ̀ máa ń dùn bí wọ́n bá ń kọ́ tuntun. Bẹ́ẹ̀ ló rí nígbà tí fíìmù Superman tuntun jáde ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2025. James Gunn ló darí rẹ̀, David Corenswet ló sì wọ aṣọ búlúù àti ìborùn pupa tí gbogbo ayé mọ̀. Kí fíìmù náà tó dé rárá ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ akọni yìí fárígá pé Henry Cavill, tó ti ń ṣe é láti ọdún 2013, nìkan ni àwọn mọ̀. Ohun tó sì mú ọ̀rọ̀ náà dùn wọ́n ni pé ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, Cavill fúnra rẹ̀ kéde pé òun ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejìlá ọdún kan náà, ó tún kéde pé òun kò ní í ṣe é mọ́.

Àríyànjiyàn náà kò mọ sí Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá jókòó ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ FUTA ní Àkúrẹ́, tàbí ti àwọn ọmọ Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn ní ìlú Oǹdó, nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ fíìmù, kò ní í pẹ́ tí yóò fi gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pín sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan á ní ti àtijọ́ ló dára, àwọn kan á ní ẹ jẹ́ kí ọmọ tuntun ṣe tirẹ̀. Ohùn á ga, àwàdà á pọ̀, ẹnìkan á sì fi ìbínú gbé fóònù rẹ̀ kúrò nílẹ̀.

Àwọn àgbà tó ń gbọ́ wọn a máa mi orí. Wọ́n á ní, ṣé ẹbí ẹni ni Superman ni, tí ẹ fi ń tìtorí rẹ̀ ba ojú jẹ́ síra yín? Wọ́n á ní ọjà gbówó lórí, epo bẹntiróòlù wọ́n, àwọn ọmọ wá ń jà nítorí òyìnbó tó ń fò lójú ọ̀run. Ọ̀rọ̀ àgbà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò dé ìdí ọ̀rọ̀. Ènìyàn kì í jà nítorí ohun tí kò fẹ́ràn. Ohun tó yẹ kí àgbà bi ara rẹ̀ kì í ṣe ìdí tí ọmọ òun fi ń jà nítorí Superman. Ìbéèrè tó yẹ kó bi ara rẹ̀ ni ìdí tí kò fi sí akọni ilé kan tí ọmọ náà lè jà nítorí rẹ̀.

Ìbínú irú èyí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1988, nígbà tí wọ́n kéde pé Michael Keaton, tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí aláwàdà, ni yóò ṣe Batman, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́tà ìfẹ̀hónúhàn ló ya wọ iléeṣẹ́ Warner Bros. Fíìmù náà jáde ní 1989, ẹni tó ń bú u sì di ẹni tó ń yìn ín. Nígbà tí Keaton tún padà wọ aṣọ Batman nínú fíìmù The Flash ní ọdún 2023, ìdùnnú ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi gbà á. Heath Ledger náà jẹ nínú ìyà yìí. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí wọ́n yàn án láti ṣe Joker. Ó kú ní oṣù Kìíní ọdún 2008 kí fíìmù náà tó jáde, ṣùgbọ́n ní ọdún 2009 wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ Oscar lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ní ti Spider-Man, òṣèré mẹ́ta ló ti ṣe é láti ọdún 2002, gbogbo wọn ló sì ní ọmọ ẹ̀yìn. Nígbà tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàdé nínú fíìmù kan ṣoṣo ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, ariwo ayọ̀ ló gba ilé sinimá kan.

Ilé wa níhìn-ín náà kò gbẹ́yìn. Living in Bondage tó jáde ní 1992 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí ìbẹ̀rẹ̀ ọjà Nollywood. Ní ọdún 2019, Ramsey Nouah darí èyí tó tẹ̀lé e, Kenneth Okonkwo sì padà wá ṣe Andy Okeke. Àwọn òǹwòran gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ní ọdún 2022, wọ́n tún Glamour Girls ti ọdún 1994 ṣe, ṣùgbọ́n àwọn òǹwòran kò fi í pamọ́ pé kò tẹ́ àwọn lọ́rùn. Ní fíìmù méjèèjì, wọ́n náwó, wọ́n sì lo àwọn gbajúmọ̀ òṣèré. Síbẹ̀, ọ̀kan mú wa rántí ohun tó jẹ́ kí a fẹ́ràn ti àtijọ́, èkejì kàn yá orúkọ rẹ̀ lò ni.

Báwo wá ni ènìyàn ṣe lè mọ àtúnṣe tó dára yàtọ̀ sí èyí tí kò dára? Àwọn ará Àkúrẹ́ àti Oǹdó ní òṣùwọ̀n kan tí ó ti pẹ́ ju sinimá lọ. Wọ́n mọ̀ pé oyè yàtọ̀ sí ẹni tó wà lórí oyè. Ọba a máa wàjà, ṣùgbọ́n Déjì kò ní í parẹ́, Ọ̀ṣemàwé kò sì ní í parẹ́. Akọni inú fíìmù náà, oyè ni. Òṣèré tó bá ṣe é jẹ oyè náà fún ìgbà díẹ̀ ni.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ Black Panther. Fíìmù yẹn wọ ọmọ Nàìjíríà lára gan-an nígbà tó jáde ní 2018. Inú igbó Sambisa ni ọ̀kan nínú àwọn ìran àkọ́kọ́ rẹ̀ ti wáyé. Nígbà tí Chadwick Boseman, tó ṣe ọba T'Challa, kú ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ ọdún 2020, lẹ́ni ọdún 43, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ pín sí méjì. Àwọn kan bẹ iléeṣẹ́ Marvel pé kí wọ́n fi òṣèré mìíràn rọ́pò rẹ̀, kí T'Challa má bàa bá Boseman wọ ibojì. Àwọn kan ní ìwọ̀sí ni yóò jẹ́ fún olóògbé. Marvel àti Ryan Coogler tó darí rẹ̀ kò fi ẹnikẹ́ni rọ́pò rẹ̀. Nínú fíìmù kejì, tí wọ́n ṣe àfihàn rẹ̀ ní Èkó ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, Shuri, àbúrò ọba náà lóbìnrin, ni ó wọ aṣọ akọni. Kíá ni àwọn kan tún ti pariwo pé obìnrin kò lè ṣe Black Panther.

Ó ṣeé ṣe kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jọ ọ̀rọ̀ létí ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó jọ bẹ́ẹ̀ létí ọmọ Àkúrẹ́. Nígbà tí Ọba Adébíyì Adéṣídà wàjà ní oṣù Kọkànlá ọdún 2013, ọmọbìnrin rẹ̀, Ọmọọba Adétutù Adéṣídà-Ojei, ló di adelé. Òun ló wà níbẹ̀ títí di ọdún 2015 tí Ọba Aládétóyìnbó Ògúnlàdé Aládélúsì, Ọdúndún Kejì, fi gorí ìtẹ́. Bí adelé bá jókòó láàárín àwọn ìjòyè, aṣọ ọkùnrin ló máa ń wọ̀. Kò sí ẹni tó ń rò pé ó ti di ọkùnrin. Ohun tí gbogbo ìlú mọ̀ ni pé ìtẹ́ kò gbọdọ̀ ṣófo. Ní ìlú Oǹdó ńkọ́? Ìtàn ìlú náà sọ pé obìnrin ni Púpùpú, Ọ̀ṣemàwé àkọ́kọ́, títí di òní ni Lóbùn, tí í ṣe ọba obìnrin, sì ń kó ipa tirẹ̀ nínú fífi Ọ̀ṣemàwé jẹ. Ọmọ Oǹdó tó bá ní obìnrin kò lè jẹ oyè akọni, ìjà ẹlòmíràn ló lọ yá.

Èyí kò túmọ̀ sí pé kí òǹwòran gba gbogbo ohun tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀. Afọbajẹ kì í kàn ṣe ẹlẹ́rìí. Ó ń bi ìdí ọmọ oyè, ó ń wo ìwà rẹ̀, ó sì lè kọ̀ ọ́. Òǹwòran náà lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè bóyá àwọn tó tún fíìmù ṣe mọ oríkì akọni náà. Oríkì Superman kò le: ọmọ àjèjì ni, àgbẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà, agbára rẹ̀ kò sì sọ ọ́ di ìkà. Nígbà tí Gunn sọ pé ìtàn àjèjì tó wá gbé ní ilẹ̀ onílẹ̀ ni fíìmù òun, àwọn kan ní Amẹ́ríkà gbaná jẹ pé ó ti ki ọ̀rọ̀ òṣèlú bọ̀ ọ́. Wọ́n gbàgbé pé Jerry Siegel àti Joe Shuster tí wọ́n dá Superman sílẹ̀, ọmọ àwọn Júù tó ṣí wá láti òkè òkun ni wọ́n. Gunn kò fi ohun tuntun kún oríkì náà rárá; ó kà á jáde ni.

Ọdún 1938 ni Superman kọ́kọ́ jáde nínú ìwé àwòrán. Kí gbogbo ọmọ Ìpínlẹ̀ Oǹdó dúró lórí ọdún yẹn díẹ̀. Ọdún 1938 yìí kan náà ni ìwé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà tó kọ ọ́, ọmọ Òkè-Igbó ni, Òkè-Igbó kò sì jìnnà sí ìlú Oǹdó. Ọdún kan náà ni akọni méjèèjì wọ ayé, èyí ní Amẹ́ríkà, èyí ní ilẹ̀ Yorùbá.

Ẹni tó bá sì ka ìwé náà mọ̀ pé Àkàrà-oògùn kò kéré sí Superman rárá. Ọdẹ ọmọ ọdẹ ni, oògùn àti ìgboyà sì kún ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí ọba rán an lọ sí Òkè Láńgbòdó, òun nìkan kọ́ ló lọ. Kàkó oníkùmọ̀ ẹkùn bá a lọ. Ìmọ̀dóyè ọlọ́gbọ́n bá a lọ. Olóhùn-iyọ̀ tí orin rẹ̀ ń mú ayé dákẹ́ náà wà níbẹ̀, àti tafàtafà kan tí ìyẹ́ bo ara rẹ̀. Àwọn méje ni wọ́n, oníkálukú pẹ̀lú agbára tirẹ̀, wọ́n jọ ń lọ fún ire ìlú. Ohun tí Marvel pè ní Avengers ní ọdún 1963, Fágúnwà ti kó wọn jọ ní ọdún 25 ṣáájú.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí akọni méjèèjì? Wọ́n ti kọ́ ilé Superman, wọ́n ti wó o, wọ́n sì ti tún un kọ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Ní ti Àkàrà-oògùn, Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ ìwé náà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Wálé Ògúnyẹmí fi í ṣe eré orí ìtàgé, Láńgbòdó, tí wọ́n ṣe ní FESTAC ní Èkó ní 1977. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá bi ọmọ ọdún ogún kan ní Àkúrẹ́ lónìí pé ta ni ojú Àkàrà-oògùn, kí ni yóò fèsì? Ó lè dárúkọ òyìnbó mẹ́ta tó ti ṣe Superman láìmí. Bí ó bá tiẹ̀ mọ Àkàrà-oògùn, inú ìwé ìdánwò ló ti mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹni tó ń bínú pé wọ́n ba Kàkó jẹ́, nítorí kò sí ẹni tó ṣe Kàkó tí wọn ì bá fi bà á jẹ́.

Àwọn kan yóò sọ pé ìwé Fágúnwà ti di ohun ọ̀wọ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣí ìwé náà. Àkàrà-oògùn fúnra rẹ̀ ló ń sọ ìtàn fún akọ̀wé, bí ọjọ́ sì ṣe ń gorí ọjọ́ ni àwọn èrò tó wá gbọ́ ń pọ̀ sí i. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ìtàn náà ti jẹ́ ohun tí a ń tún sọ. Àwọn mìíràn yóò ní owó kò sí. Lóòótọ́, fíìmù iwin àti irúnmalẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ owó kékeré. Ṣùgbọ́n Hubert Ògúndé ṣe Ayé ní 1979 àti Jáyésinmi ní 1980, ó fi babaláwo kojú àwọn àjẹ́, èrò sì kún ilé sinimá. Aníkúlápó ní 2022 àti Jagun Jagun ní 2023 tún fi hàn pé ìtàn Yorùbá ayé àtijọ́ ń rí òǹwòran káàkiri àgbáyé. Òkè Ìdánrè kò sì jìnnà sí Àkúrẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò jìnnà sí Oǹdó. Ẹni tó bá ń wá ibi tí yóò ti ya Òkè Láńgbòdó kò nílò ìwé ìrìnnà.

Ìbẹ̀rù tó kù ni pé ó lè má dára. Ó ṣeé ṣe. Superman IV ti ọdún 1987 kò dára, kò sì pa Superman. Ohun tó ń pa akọni ni kí ẹnikẹ́ni má rántí rẹ̀ tó ẹni tí í bú. Kí àwọn tó ń ṣe fíìmù bá àwọn tó ni ẹ̀tọ́ ìwé náà sọ̀rọ̀ bó ti yẹ. Kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tó ń fi orúkọ Fágúnwà yangàn, rí i pé yíyangàn nìkan kò tó. Kí àwọn ọ̀dọ́ tó mọ àléébù gbogbo fíìmù Superman sì ka ìwé náà kí ọjọ́ náà tó dé, kí wọ́n lè mọ oríkì tí wọn yóò fi dán ọmọ oyè wò.

Nígbà náà, bí wọ́n bá yan òṣèré kan láti ṣe Àkàrà-oògùn, kí ìlú pín sí méjì. Kí ọmọ Àkúrẹ́ ní ó kéré jù, kí ọmọ Oǹdó ní ó sanra jù, kí ọmọ Òkè-Igbó sì pariwo pé kì í ṣe bí bàbá òun ṣe sọ ọ́ nìyí. Kò sí àgbà tí yóò tún lè bi wọ́n bóyá ẹbí wọn ni ẹni tí wọ́n ń jà nítorí rẹ̀. Ẹbí wọn ni.