Iṣẹ́ Wo Ni Kò Yẹ Kristẹni?

Àwọn òṣìṣẹ́ tí owó oṣù wọn kò tó nǹkan ni olóògbé Alhaji Lateef Jakande ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n jẹ́ gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó, láti ọdún 1979 sí 1983, tí wọ́n ń kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú káàkiri. Lónìí, ní Jakande Estate, Ìsọlọ̀, ọmọ irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti gboyè yunifásítì tán, kò ríṣẹ́. Síbẹ̀, àwọn oníwàásù kan ń sọ fún un pé iṣẹ́ ọlọ́pàá, iṣẹ́ aṣọ́bodè àti iṣẹ́ ilé-ìpọntí kò yẹ ọmọ Ọlọ́run. Èmi kò gbà.

N kò sọ pé gbogbo iṣẹ́ ni ó tọ́. Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ohun tí mo ń sọ ni pé ibi tí wọ́n pa ààlà sí kọ́ ni ààlà wà. Nínú ìwé Lúùkù orí kẹta, àwọn agbowó-òde àti àwọn ọmọ-ogun bi Jòhánù Onítẹ̀bọmi léèrè ohun tí wọn yóò ṣe. Kò ní kí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀; ó ní kí wọ́n má ṣe gbà ju iye tí a là sílẹ̀, kí wọ́n má sì fi agbára gba ti ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ní Éfésù, ńṣe ni àwọn onídán dáná sun ìwé wọn. Kí ni ó fa ìyàtọ̀? Bí a bá yọ rìbá kúrò nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá, iṣẹ́ ṣì kù. Bí a bá yọ irọ́ kúrò nínú iṣẹ́ 419, kí ni ó kù? Tẹ́tẹ́ ńkọ́? Bí ẹnikẹ́ni kò bá pàdánù, ebi ni yóò pa onítẹ́tẹ́. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a fi kọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa nìyẹn.

Ọtí ni wọn yóò kọ́kọ́ fi dá mi lóhùn, ọ̀rọ̀ náà sì ti pẹ́ ní Èkó. Bíṣọ́ọ̀bù Herbert Tugwell bá òwò ọtí líle jà títí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde ní 1909. Ṣùgbọ́n òwò náà, àti ìjọba tí ń gba owó bodè lórí rẹ̀, ni ìjà yẹn dojú kọ. Tiwa ńkọ́? Ilé-iṣẹ́ tí ó ń pọn bíà Star láti 1949 náà ni ó ń pọn Maltina tí a ń gbé fún àlejò níbi ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì. A ń mu èyí, a sì ń dẹ́rù ba ọmọ tálákà tí ó fẹ́ ṣe akọ̀wé níbẹ̀. Ọmọbìnrin tí ọ̀gá báńkì ní kí ó wá mílíọ̀nù wá lọ́nàkọnà ńkọ́? Ta ni ó ti bá ọ̀gá náà wí, níbi tí ó jókòó sí lórí àga iwájú?

Kí àwọn olùṣọ́-àgùntàn wa kọ́kọ́ wádìí ibi tí ìdámẹ́wàá ńlá ti ń wá. Ẹni tí kò lè bi olówó léèrè orísun owó rẹ̀ kò ní ẹnu láti yan iṣẹ́ fún tálákà.