Kí Wọ́n Tó Fọ́ọ̀màtì Kọ̀ǹpútà Ilé

Ní Vridi, ní gúúsù Abidjan, kò ṣọ̀wọ́n kí kọ̀ǹpútà alágbèéká kan ṣoṣo jẹ́ ti gbogbo ilé. Inú rẹ̀ ni ìṣirò ọjà ìyá wà. Inú rẹ̀ náà ni iṣẹ́ ilé-ìwé àwọn ọmọ wà, pẹ̀lú fọ́tò ìgbéyàwó àti ìkómọ tí àwọn ẹbí fi ránṣẹ́ láti Èjìgbò. Tòkunbọ̀ ni irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́, ọ̀kan nínú àwọn ọjà àlòkù tí àwọn ará Abidjan ń pè ní "France au revoir".

Ọjọ́ orí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ló ń fa ọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025 ni àtìlẹ́yìn Microsoft fún Windows 10 dópin, Windows 11 kò sì gba ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́. Nítorí náà, ọmọ ilé tó mọ nǹkan díẹ̀ lè fẹ́ fi ètò mìíràn tó ń darí kọ̀ǹpútà sí ẹ̀gbẹ́ Windows. Ubuntu ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń mú. Ọ̀fẹ́ ni, ọmọ Gúúsù Áfíríkà kan, Mark Shuttleworth, ló dá a sílẹ̀, oṣù Kẹwàá 2004 sì ni ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Bí iṣẹ́ náà bá dára, nígbàkúùgbà tí wọ́n bá tan kọ̀ǹpútà, yóò béèrè èwo nínú àwọn méjèèjì ni wọ́n fẹ́ lò.

Àmọ́ nígbà mìíràn, ilẹ̀ ọjọ́ kejì á mọ́, wọn ò ní rí Windows mọ́. Tàbí kí Windows wà, kí Ubuntu pòórá. Ariwo á ta nínú ilé. Wọ́n á gbé kọ̀ǹpútà lọ bá ẹni tó ń tún un ṣe, òun náà á sì ní kò sí ọ̀nà mìíràn ju kí òun fọ́ọ̀màtì rẹ̀. Fọ́ọ̀màtì ni pé kí wọ́n nu gbogbo inú rẹ̀ dànù. Ibẹ̀ gan-an ni àdánù ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé lọ́pọ̀ ìgbà, kò tíì sí ohun tó sọnù títí di ìgbà náà.

Ẹni tó bá ń gbé Vridi lè rí ìdí rẹ̀ nínú ìtàn àdúgbò rẹ̀. Kí wọ́n tó ṣí ojú omi Vridi ní 1950, ọkọ̀ ńlá tó wà lórí òkun kò lè wọ inú ọ̀sà. Òkun wà níbẹ̀, ọ̀sà wà níbẹ̀, ọ̀nà ni kò sí láàárín wọn. Bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà tí kò rí Windows mọ́ ṣe rí. Fáìlì wà ní ipò wọn lórí dísìkì, ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ ló dí. Ètò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní GRUB ni oníbodè ọ̀nà náà. Òun ni Ubuntu máa ń fi sẹ́nu ọ̀nà láti béèrè ibi tí oníkọ̀ǹpútà ń lọ. Oníbodè ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Bí kọ̀ǹpútà bá ń lọ tààrà sínú Windows láìbéèrè nǹkan kan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé Windows ni wọ́n tò ṣáájú. Kí wọ́n pa á, kí wọ́n tún un tàn, kí wọ́n sì máa tẹ bọ́tìnnì tó ń mú àkójọ ọ̀nà wá lójú ẹsẹ̀: F12 ni lórí ọ̀pọ̀ Dell àti Lenovo, F9 ni lórí ọ̀pọ̀ HP. Bí orúkọ "ubuntu" bá wà nínú àkójọ náà, ó wà láàyè nìyẹn. Kí wọ́n wọ ibi ètò ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà, kí wọ́n sì tò ó sí ipò kìíní.

Bí ó bá jẹ́ pé Ubuntu nìkan ló ń wá, kí wọ́n wo àkójọ kan náà bóyá "Windows Boot Manager" wà níbẹ̀. Bí ó bá wà, Windows kò kú. Láti ẹ̀dà 2.06 tó jáde ní 2021 ni GRUB kì í ti í wá ètò mìíràn kiri fúnra rẹ̀ mọ́ àyàfi bí wọ́n bá ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n ṣí fáìlì /etc/default/grub nínú Ubuntu, kí wọ́n kọ GRUB_DISABLE_OS_PROBER=false sínú rẹ̀, kí wọ́n wá tẹ "sudo update-grub". Windows á padà sínú àkójọ.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, kò sí ẹni tó fọwọ́ kan nǹkan kan nínú ilé. Ní oṣù Kẹjọ 2024, Microsoft fi àtúnṣe kan ránṣẹ́ sí Windows láti dènà àwọn oníbodè àtijọ́ tó ní àlébù. Àtúnṣe náà kò yẹ kó kan kọ̀ǹpútà tó ní ètò méjì, ṣùgbọ́n ó kàn wọ́n. Ọ̀pọ̀ ènìyàn káàkiri ayé fẹ́ wọ Linux, ohun tí wọ́n rí ni "Something has gone seriously wrong", kọ̀ǹpútà sì kú. Wọn kò nílò fọ́ọ̀màtì. Àwọn tó mọ̀ ọ́n pa ààbò tí wọ́n ń pè ní Secure Boot, wọ́n wọ Ubuntu, wọ́n tẹ "sudo mokutil --set-sbat-policy delete", wọ́n tún kọ̀ǹpútà tàn sínú Ubuntu, lẹ́yìn náà ni wọ́n dá ààbò padà.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan Secure Boot, ó yẹ kó mọ̀ bóyá BitLocker ti dísìkì náà pa. Bí ó bá ti tì í, Windows lè béèrè nọ́ńbà gígùn kan tó jẹ́ 48. Ẹni tí kò bá ní nọ́ńbà náà lè pàdánù fáìlì rẹ̀ ní tòótọ́. Ó sábà máa ń wà nínú àkántì Microsoft ẹni tó kọ́kọ́ ṣètò kọ̀ǹpútà náà. Bí tòkunbọ̀ bá ṣì wà lórí àkántì ẹni tó lò ó tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ di wàhálà. Kí wọ́n yanjú ìyẹn ṣáájú.

Ọ̀rọ̀ aṣínà náà máa ń dá ìjà sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó wá láti Faransé ní bọ́tìnnì AZERTY. Bí ẹni tó gbé Ubuntu wọlé bá gbàgbé láti yan ti Faransé, bọ́tìnnì tí wọ́n kọ A sí yóò máa kọ q. Ọmọ á tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ dáadáa, kọ̀ǹpútà á ní kì í ṣe òun, bàbá á sì rò pé ọmọ ń purọ́. Kí wọ́n yí èdè bọ́tìnnì padà ní òkè ojú ìwé ìwọlé, kí wọ́n tún un tẹ̀.

Ti aago tilẹ̀ ń pani lẹ́rìn-ín. Aago inú kọ̀ǹpútà ni Windows ń tò sí àkókò ìlú, ṣùgbọ́n àkókò àgbáyé ni Linux ń tò ó sí. Ní Abidjan, ọ̀kan náà ni àwọn méjèèjì, kò sí ẹni tó ń fura. Bí wọ́n bá gbé kọ̀ǹpútà kan náà lọ sí Èkó, Windows lè fi wákàtí kan pẹ́ sẹ́yìn. Kò bàjẹ́ o: "timedatectl set-local-rtc 1" nínú Ubuntu ni oògùn rẹ̀.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìdílé tó bá fẹ́ fi ètò kejì sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ yóò kọ́kọ́ da fọ́tò àti ìṣirò sórí dísìkì mìíràn, yóò kọ nọ́ńbà BitLocker sínú ìwé, yóò sì jẹ́ kí bátìrì kún, kí iná má baà lọ lójú iṣẹ́. Bí ẹni tó ń tún un ṣe bá sì ní àfi fọ́ọ̀màtì, ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ìyá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀: ṣé ó ti tan kọ̀ǹpútà náà láti orí fláàṣì, tó sì ti wo inú dísìkì? Bí kò bá tíì ṣe bẹ́ẹ̀, kò tíì mọ ohun tó fẹ́ nù.