Fùkù Ẹlẹ́gùsí: Ta Ló Di Dókítà Ẹran Lọ́wọ́?

Ẹ̀yin ìyálé ilé tí ẹ máa ń yí ike omi sọ́tùn-ún sósì kí ẹ tó rà á, tí ẹ ń wá nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀ bí ẹni ń wá owó tó sọnù, mo kí yín. Ẹ ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Ẹran màlúù tí ẹ rà lánàá ńkọ́, níbo ni nọ́ńbà tirẹ̀ wà? Kò ní. Kì í ṣe NAFDAC ló ń yẹ ẹran tútù wò ní ilé ìpẹran. Iṣẹ́ dókítà ẹran ni, ẹni tí àwọn ará wa kan ń pè ní dókítà màlúù tẹ̀rín-tẹ̀rín, àfi bí ẹni pé kò rí iṣẹ́ gidi kọ́ ló ṣe lọ ń tọ́jú ẹranko. Èmi ní ọ̀gbẹ́ni yẹn ló yẹ kó dúró láàrin àwa àti ikú. Ó tilẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n ìjọba ti dì í lọ́wọ́ sẹ́yìn. Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn.

Ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ ọjà ẹran dáadáa yóò ti gbọ́ orúkọ kan rí: fùkù ẹlẹ́gùsí. Ó dùn lẹ́nu, àbí? Ó dà bí ọbẹ̀. Kì í ṣe ọbẹ̀ o! Fùkù màlúù tí kòkòrò ikọ́ ife ti jẹ ni, tí kókó wẹ́wẹ́ ti so káàkiri inú rẹ̀ bí ìgbà tí ègúsí bá dì nínú ọbẹ̀. Àwọn tó ṣèwádìí láàrin àwọn alápatà àti àwọn oníṣòwò màlúù ní orílẹ̀-èdè wa, tí wọ́n tẹ iṣẹ́ wọn jáde ní 2013, sọ pé àwọn kan máa ń jẹ ẹ́ ní tútù níṣojú oníbàárà, kí oníbàárà lè gbà pé kò sí ohun tó ṣe ẹran náà. Ẹ tún un kà. Wọ́n ń jẹ ikọ́ ife ní tútù, kí ọjà lè tà.

Mo mọ ohun tí àwọn kan fẹ́ sọ. Wọ́n á ní ìdọ̀tí kì í pa aláwọ̀ dúdú. Wọ́n á ní àwọn bàbá wa jẹ ẹ́, wọ́n gbó, wọ́n tọ́. Ẹ̀ẹ́, wọ́n gbó! Àwọn tí kò gbó nínú wọn, ta ló kà wọ́n? Ikọ́ tó pa ọmọ mọ́ ìyá lójú ní abúlé, àjẹ́ ni wọ́n dá a lé lórí. Ní 2006, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Ìbàdàn jáde, tó fi hàn pé wọ́n rí kòkòrò ikọ́ ife ti màlúù lára àwọn ènìyàn díẹ̀ tí ikọ́ ife ń bá jà. Wọn ò pọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kòkòrò màlúù ń ṣe kí ni nínú ènìyàn?

Àwọn mìíràn á ní iná ló ń pa gbogbo rẹ̀. Òótọ́ ni, dé ibì kan. Ẹran tó bá jinná dénú, kòkòrò yìí kò lè là á já. Ta wá ni ń se nọ́nọ̀ lórí iná kó tó mu ún? Sùúyà tí inú rẹ̀ ṣì pupa ńkọ́? Ọwọ́ alápatà tó ní ojú ọgbẹ́ ńkọ́? Iná kì í sì í pa oògùn. Adìẹ àgíríìkì tí wọ́n fún ní tẹtirasáíkílìn láàárọ̀, tí wọ́n kó ẹyin rẹ̀ lọ sọ́jà lọ́sàn-án, ó yẹ kí olówó rẹ̀ dúró de iye ọjọ́ tí dókítà bá dá fún un, kí oògùn tó kúrò lára adìẹ. Sísè lásán kọ́ ni yóò bá wa kó o kúrò.

Iṣẹ́ dókítà ẹran bẹ̀rẹ̀ nígbà tí màlúù ṣì wà láàyè. Ó gbọ́dọ̀ rí i lórí ìdúró, kó rí i bó ti ń rìn: ṣé ó ń tiro ni, ṣé imú rẹ̀ ń ṣomi, àbí ó ti fẹ́ kú sínú tírélà láti òkè Ọya kí wọ́n tó sáré fi ọ̀bẹ bá a? Lẹ́yìn tí wọ́n bá pa á, yóò la àwọn kókó tó wà ní ọrùn àti ní àyà rẹ̀, yóò fọwọ́ tẹ fùkù, yóò gé ẹ̀dọ̀ wò bóyá aràn pẹlẹbẹ tó dà bí ewé wà nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ibì kan ló bàjẹ́, yóò gé e sọnù. Bí àrùn bá ti tàn kárí ara, gbogbo màlúù náà ló gbọ́dọ̀ dá lẹ́jọ́.

Ní ilé ìpẹran kan tí n kò ní dárúkọ, mo dúró láti aago márùn-ún ìdájí títí ilẹ̀ fi mọ́ kedere. Ẹ̀rọ omi kò ṣiṣẹ́. Iná kò sí. Tọ́ọ̀ṣì fóònù ni wọ́n fi ń wo inú ẹran. Dókítà kan ṣoṣo àti ọmọṣẹ́ méjì ló wà níbẹ̀, màlúù sì ń ṣubú lọ́tùn-ún lósì. Kó tó yẹ ọ̀kan wò tán, wọ́n ti di mìíràn sẹ́yìn ọ̀kadà. Ó rí fùkù kan, ó ní kí wọ́n má gbé e. Alápatà náà, géńdé ọkùnrin, ọ̀bẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Dókítà, ẹ má bínú o, ṣé ẹ̀yin lẹ máa san owó màlúù mi ni?" Dókítà dákẹ́. Èmi náà dákẹ́. Akọ̀wé tó ń gba owó lórí màlúù kọ̀ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà kò dákẹ́ ní tirẹ̀. Rìsíìtì ló ń já lọ ràì.

Ẹ má tíì bá mi bú alápatà yẹn. Ìbéèrè rẹ̀ gan-an ni kókó ọ̀rọ̀ yìí. Ó yá owó ra màlúù. Kò sí ẹni tó lè dúró lẹ́yìn awọ kó rí fùkù. Bí dókítà bá dá ẹran náà lẹ́jọ́, òun nìkan ni gbèsè di tirẹ̀. Ìjọba tó ti gba owó lẹ́nu ọ̀nà kò ní fún un ní kọ́bọ̀. Kí lẹ rò pé ó máa ṣe? Á bẹ̀bẹ̀. Bí ẹ̀bẹ̀ kò bá jẹ́, á fi ẹ̀gúnjẹ sí i. Bí ẹ̀gúnjẹ kò bá wọlé, ẹ rántí pé ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú owó yìí náà ni ẹlòmíràn ń wá tó fi ń jẹ fùkù ẹlẹ́gùsí níwájú oníbàárà.

Kì í ṣe pé ìjọba wa kò mọ ọ̀nà o. Ní oṣù kejì 2006, nígbà tí àìsàn adìẹ tí gbogbo ayé mọ̀ sí bird flu kọ́kọ́ wọ ilẹ̀ Áfíríkà, ìpínlẹ̀ Kàdúná níhìn-ín ló ti yọjú. Wọ́n pa adìẹ rẹpẹtẹ, ìjọba àpapọ̀ sì ní òun yóò san ₦250 lórí adìẹ kọ̀ọ̀kan. Àwọn olóko kùn pé owó náà kéré, wọn kò sì purọ́. Síbẹ̀, ẹni tó mọ̀ pé òun yóò rí nǹkan gbà ní ìdí láti pe dókítà, dípò kó kó adìẹ olókùnrùn lọ sọ́jà lóru. Nígbà tó di oṣù kìíní 2007, tí àìsàn náà pa obìnrin kan ní Èkó, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti adìẹ nìkan. Bí owó gbà-má-bínú bá tọ́ sí ẹlẹ́dìẹ, kí ni alápatà ṣẹ̀?

Ẹ tún rántí oṣù keje 2023. Ní oko ẹran kan ní Sùlẹ́jà, ìpínlẹ̀ Niger, àwọn ẹran ń kú, ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní imú, ní ojú àti ní ìdí wọn. Ìròyìn dé etí àwọn dókítà ẹran, ilé ìwádìí tó wà ní Vom láti 1924 yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní anthrax ni. Ẹran tí anthrax bá pa, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ọ̀bẹ kàn án, nítorí kòkòrò rẹ̀ lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìkú. Ní àsìkò yẹn, kí lẹ rò pé a ń jiyàn lé lórí? Pọ̀nmọ́! Ṣé ká máa jẹ ẹ́, ṣé ká má jẹ ẹ́. Kò sí ẹni tó béèrè ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ ká ní etí alápatà ni ìròyìn oko yẹn kọ́kọ́ dé.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ipá la mọ̀ ọ́n lò. Ní oṣù kẹfà 2018, nígbà tí ìjọba Ọ̀yọ́ fẹ́ kó àwọn alápatà kúrò ní Bódìjà lọ sí ilé ìpẹran tuntun ní Amósùn, ìjà bẹ́ sílẹ̀, ẹ̀mí sì ṣòfò. Èmi náà gbà pé kò yẹ kí wọ́n máa pa màlúù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀wà àti èlùbọ́. Ṣùgbọ́n ilé kì í yẹ ẹran wò. Ibi yòówù kí wọ́n kó alápatà lọ, bí òótọ́ dókítà bá ṣì jẹ́ gbèsè fún un, fùkù ẹlẹ́gùsí yóò bá a débẹ̀.

Ohun tí mo ń béèrè kò le. Nínú owó tí wọ́n ń gbà lórí màlúù kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n ya díẹ̀ sọ́tọ̀, kí wọ́n máa fi san ìdajì owó màlúù, ó kéré tán, fún alápatà tí dókítà bá dá ẹran rẹ̀ lẹ́jọ́. Kí ẹgbẹ́ alápatà dá tiwọn sí i. Àwọn tó ń dá èésú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ta ló fẹ́ kọ́ wọn? Kí ẹni tó ń gba owó má jẹ́ ọ̀gá ẹni tó ń wo ẹran. Kí wọ́n sì gba dókítà kún dókítà. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ yìí jáde ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ní Abẹ́òkúta kò yẹ kó jẹ́ òkè òkun ni wọ́n á ti máa yẹ ẹran wò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ẹran náà, ọwọ́ yín kò mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá dé ìsọ̀ ìyá ẹlẹ́ran yín lọ́la, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná an, ẹ bi í: níbo ni wọ́n ti pa ẹran yìí, dókítà wo ló wò ó, òǹtẹ̀ rẹ̀ dà? Yóò fi yín rẹ́rìn-ín. Ẹ tún bi í lọ́tùnla. Bí obìnrin mẹ́wàá bá bi í láàárọ̀ ọjọ́ kan, òun fúnra rẹ̀ ni yóò lọ bi alápatà, alápatà ni yóò sì gbéra lọ sí ọ́fíìsì káńsù, tí yóò ní kí wọ́n fún òun ní dókítà.