Ìgbéga awakọ̀ bàálù ológun: Iṣẹ́ ọwọ́ ni, òṣèlú ni, àbí orí?

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 18 oṣù Keje ọdún 2021, ni àwọn agbébọn yìnbọn lu bàálù ìjà Alpha Jet kan tó jẹ́ ti iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfuurufú ilẹ̀ Nàìjíríà, ní ẹnubodè ìpínlẹ̀ Zamfara àti Kaduna. Iṣẹ́ tí wọ́n rán bàálù náà ló ti ń padà bọ̀. Ẹni tó ń wà á, Flight Lieutenant Abayọmi Dairo, ta ara rẹ̀ jáde kí bàálù ọ̀hún tó já lulẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí iléeṣẹ́ náà ṣe ṣàlàyé nígbà náà, nígbà tí oòrùn ń wọ̀ ló yọ́ rìn, tó ń fi fóònù ọwọ́ rẹ̀ mọ ọ̀nà, tó sì gba ẹ̀gbẹ́ ibùba àwọn agbébọn kọjá títí tó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀.

Ọdún kan ṣáájú ìgbà náà, lọ́jọ́ 14 oṣù Keje ọdún 2020, ọ̀fọ̀ ńlá ṣẹ̀ ní bárékè àwọn ọmọ ogun òfuurufú tó wà ní Kaduna. Flying Officer Tolulọpẹ Arotile, ọmọ Iffẹ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ijumu, ìpínlẹ̀ Kogi, ni obìnrin àkọ́kọ́ tó wa hẹlikópítà ìjà ní Nàìjíríà. Ó ń lọ jẹ́jẹ́ rẹ̀ nínú bárékè nígbà tí ẹnìkan tí wọ́n jọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama rí i, tí inú ẹni náà sì dùn débi pé ó fi ọkọ̀ rìn sẹ́yìn kó lè kí i. Ọkọ̀ náà gbá a, ó sì gba ibẹ̀ kú. Ọmọ ọdún 24 ni. Kò ju oṣù mẹ́sàn-án lọ tí wọ́n fi àmì awakọ̀ bàálù sí i láyà.

Ọ̀kan já láti òkè, ó yè. Èkejì ti bá àwọn agbébọn jà láti òkè ní agbègbè Minna, ó bọ̀ láyọ̀, ó wá kú nínú ọgbà tó yẹ kó ti ní ìfọ̀kànbalẹ̀. Ohun tí àwọn àgbà máa ń sọ sí irú nǹkan báyìí ni pé orí ló mọ̀ ọ́n. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá tú iṣẹ́ awakọ̀ bàálù ológun wò fínnífínní, yóò rí i pé nǹkan mẹ́ta ló ń gbé wọn lékè tàbí tó ń dá wọn dúró lójú kan: iṣẹ́ ọwọ́ wọn, òṣèlú àti orí. Yóò sì tún rí i pé ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń dì ru orí, ọwọ́ ọmọ aráyé ló wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ ni kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń ṣílẹ̀kùn. Ọmọ tó bá fẹ́ gba ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun, ìyẹn NDA ní Kaduna, yóò ṣe ìdánwò, yóò sì lo ọdún márùn-ún níbẹ̀ kó tó gba oyè àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa bàálù. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń yege. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá ríran dáadáa, tàbí tí dókítà bá rí àléébù kan lára ọkàn rẹ̀, ilẹ̀ ni yóò ti máa ṣiṣẹ́. Gbogbo ìgbà tí ọmọ náà bá gbé bàálù gbéra ni olùkọ́ ń fún un ní máàkì. Bó bá sì fẹ́ di ọ̀gá àárín, ó di dandan kó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun ní Jaji, èsì tó bá mú bọ̀ níbẹ̀ yóò sì máa tẹ̀lé e kiri bí òjìji.

Ẹ̀wẹ̀, ọgbọ́n awakọ̀ kò wúlò bí kò bá sí ohun tí yóò wà. Láti nǹkan bí ọdún 1986 títí di ọdún 1999, ọ̀pọ̀ bàálù ìjà Nàìjíríà ló wà nílẹ̀ tí kò lè fò. Awakọ̀ tó mọṣẹ́ lásìkò náà lè lo ọ̀pọ̀ oṣù kó má fẹsẹ̀ kan inú bàálù. Àmọ́ ẹni tó jẹ́ ọ̀dọ́ ní ọdún 2021 bá JF-17 mẹ́ta tí wọ́n rà láti Pakistan pàdé, ó tún bá Super Tucano méjìlá tí wọ́n rà láti Amẹ́ríkà pàdé. Èkínní kò ya ọ̀lẹ, bẹ́ẹ̀ ni èkejì kò gbọ́n jù ú lọ. Ìgbà tí wọ́n bí wọn ló yàtọ̀.

Kí ló wá fa ọ̀dá bàálù yẹn? Ibi tí òṣèlú ti wọlé nìyí. Lọ́jọ́ 5 oṣù Kẹta ọdún 1986 ni ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida pa Ọ̀gágun Mamman Vatsa àtàwọn ọ̀gá ológun mẹ́sàn-án mìíràn lórí ẹ̀sùn pé wọ́n fẹ́ gbàjọba. Àwọn ọ̀gá ọmọ ogun òfuurufú wà nínú wọn, lára wọn ni Wing Commander Ben Ekele àti Squadron Leader Martin Luther. Ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ ìtàn náà ń sọ ni pé láti ọjọ́ náà ni ìjọba ológun ti ń wo awakọ̀ bàálù bí ẹni tí wọ́n ń wo ejò lórí òrùlé. Ẹni tí kò mọ̀dí ọ̀rọ̀ náà pín nínú ìyà rẹ̀.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Ghana tó wà nítòsí wa náà. Jerry Rawlings gba ẹ̀bùn akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ bàálù wà jù lọ nígbà tó wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ ní ọdún 1969. Síbẹ̀, kò kọjá ipò Flight Lieutenant. Ọ̀tẹ̀ tó ṣe ní oṣù Karùn-ún ọdún 1979 ló sọ ọ́ dèrò àtìmọ́lé, tó ń jẹ́jọ́ lọ́wọ́ kí àwọn ọmọ ogun tó wá tú u sílẹ̀ lọ́jọ́ 4 oṣù Kẹfà. Láti ibẹ̀ ló ti di olórí ìjọba lẹ́ni ọdún 31. Bàálù tó mọ̀ ọ́n wà kọ́ ló gbé e débẹ̀.

Bí ìjọba alágbádá ti dé ní 1999, ọ̀nà tí òṣèlú ń gbà wọlé yí padà, kò parẹ́. Kò pé oṣù kan tí Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gorí àlééfà tó fi ní kí àwọn ọ̀gá ológun tó lé ní 90 tó ti di ipò òṣèlú mú máa lọ sílé. Àwọn ọ̀gá ọmọ ogun òfuurufú wà lára wọn. Abala 217 nínú ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé gbogbo ẹ̀yà gbọ́dọ̀ hàn nínú iṣẹ́ ológun, abala 218 sì fún Ààrẹ lágbára láti yan àwọn ọ̀gá àgbà. Ohun tó dára ni pé kí gbogbo ilẹ̀ pín nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àyè bá jẹ́ méjì, tí àwọn tó tó gbangba sùn lọ́yẹ́ bá jẹ́ ogún, ìlú tí bàbá ẹnìkan ti wá lè ga ju wákàtí tó ti lò lókè lọ.

Èyí tó dun ọ̀pọ̀ jù ni àṣà pé bí Ààrẹ bá mú ẹni tó kéré ṣe ọ̀gá àgbà, àwọn tó ṣáájú rẹ̀ nínú iṣẹ́ yóò fẹ̀yìn tì. Lọ́jọ́ 19 oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú yan Air Vice Marshal Hasan Abubakar rọ́pò Air Marshal Ọladayọ Amao. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ó tún yan Air Vice Marshal Sunday Aneke rọ́pò Abubakar. Àṣẹ Ààrẹ ni. Àmọ́ ẹni tí ìjọba ti ná owó lé lórí fún bí ọgbọ̀n ọdún, tí kò ṣẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ kò wárìrì, yóò kó ẹrù rẹ̀ relé nítorí pé àbúrò rẹ̀ jẹ oyè. Kò sí àgbẹ̀ kan tí í fa iṣu tó ń ta lọ́wọ́ tu nítorí pé ó rí ebè tuntun.

Ní ti orí, àwọn tó ti dàgbà ní ọdún 1992 kò ní í gbàgbé Ejigbo. Lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ni bàálù ológun C-130 gbéra ní Èkó, kò sì pẹ́ rárá tó fi já. Àwọn ọ̀gá ológun tó wà nínú rẹ̀ lé ní 150, ọ̀pọ̀ wọn ló wà ní ìpele Major tàbí ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó yè. Àwọn ojúgbà wọn tí kò sí nínú bàálù náà ló wá gun òkè lẹ́yìn wọn. Jíjẹ́ ọ̀gá àgbà pàápàá kì í gbani: Kọ́nẹ́ẹ̀lì Shittu Alao, ọ̀gá pátápátá fún ọmọ ogun òfuurufú, fúnra rẹ̀ ló ń wa bàálù tó já ní Uzebba lọ́jọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 1969, tó sì pa á.

Ṣé orí náà ló ni gbogbo rẹ̀? Ta ló kó ọ̀gá ológun tó lé ní 150 sínú bàálù kan ṣoṣo? Nígbà tí Arotile kú, iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfuurufú fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn ìwádìí pé ẹni tó wa ọkọ̀ náà kò ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀. Ìyẹn kì í ṣe àyànmọ́. Bákan náà, bí Dairo ṣe yè kì í ṣe orí nìkan. Àwọn kan tọ́jú àga tó ta á jáde, àwọn kan kọ́ ọ bí èèyàn ṣe ń sá pamọ́ fún ọ̀tá, òun náà kò sì gbàgbé ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Orí ire rẹ̀ bá iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ ni.

Nítorí náà, ohun tó wà lọ́wọ́ ìjọba kò kéré. Bí wọ́n bá ń tọ́jú bàálù lásìkò, bí wọ́n bá ń sọ fún ọ̀gá tí wọn kò gbé ga ìdí tí wọn kò fi gbé e ga, bí wọ́n bá sì fi àwọn àgbà tó mọṣẹ́ sílẹ̀ láti máa kọ́ àwọn ọmọ dípò kí wọ́n kó wọn lọ sílé lọ́jọ́ kan, ìpín òṣèlú àti ti orí burúkú yóò dín kù.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan ará oko àti ará ìlú ni pé ọdọọdún ni àwọn òbí ń ta kòkó, tí wọ́n ń yá owó àjọ, kí ọmọ wọn lè lọ ṣe ìdánwò NDA. Ọmọ lè mú iṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀ wá. Orí, Ọlọ́run ló ń fúnni. Èyí tó kù, lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n dìbò yàn ni kí àwọn òbí náà ti máa béèrè rẹ̀.